Lẹ́tà Tó Gba Òǹtẹ̀

Ọjọ́ tí Tieho kọ́kọ́ gbé àbádòfin láti Ilé Aṣojú wá sí Ilé Àgbà ní Maseru, Mpolokeng, akọ̀wébìnrin tó ń gba ìwé níbẹ̀, ló gbà á. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kó padà sẹ́nu ọ̀nà, kó tún wọlé, kó sì tẹríba bó ti yẹ. Tieho padà. Ó tẹríba débi pé bírò àpò rẹ̀ já bọ́. Mpolokeng rẹ́rìn-ín, ó lu ìwé náà lóǹtẹ̀, ó kọ ọjọ́ sí i. Ìwé kankan kì í kọjá tábìlì rẹ̀ láìgba òǹtẹ̀.

Nígbà tí yóò fi pé ọdún kan, ó ti ń dá ìró bàtà Tieho mọ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún un.

Bàbá Mpolokeng ló ṣòro. Olóyè Seabata wà nínú àwọn àgbà tó ń jókòó nílé yẹn, ọmọ àgbẹ̀ Mafeteng sì ni Tieho. Bàbá kò ní òun kọ̀. Ó kàn ní òun kò rí lẹ́tà kankan tí wọ́n fi tọrọ igbá omi lọ́wọ́ òun. Nílẹ̀ wọn, ẹni tí kò tọrọ omi kò tíì tọrọ ìyàwó.

"A ti kọ ọ́, ìfẹ́ mi," ni Tieho wí. "Bàbá mi fi ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ bàbá rẹ."

"Ta ló gbà á níbẹ̀?"

"Ta ní ń gba ìwé níbẹ̀?"

Mpolokeng ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òun náà ló gbà á, láàárín àbádòfin méjì. Ó lù ú lóǹtẹ̀ láìwo orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn àpòòwé, ó sì jù ú sínú àpótí bàbá rẹ̀. Ojú tì í.

Nígbà tí àwọn ẹbí Tieho dé ilé Olóyè lọ́jọ́ Sátidé, bàbá bi wọ́n pé ta ló dá lẹ́tà wọn lóhùn tí wọ́n fi wá. Mpolokeng mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ìtìjú padà, wọn kò ní wá mọ́. Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ náà síwájú bàbá rẹ̀. Ó fi ìka sí ọjọ́ tí lẹ́tà náà gba òǹtẹ̀.

"Ntate, bàbá mi, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Bí Ilé Àgbà bá dákẹ́ lórí àbádòfin tó bẹ́ẹ̀, ó ti gbà nìyẹn."

"Ibí yìí kì í ṣe Ilé Àgbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ntate. Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ló ń dákẹ́ níbi méjèèjì."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wúkọ́. Olóyè wo ọjọ́ òǹtẹ̀ náà títí. Kò wojú ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Òùngbẹ ti gbẹ àwọn èèyàn yìí tó. Lọ bu omi wá."

Mpolokeng bu omi kún igbá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó tẹríba kó tó wọlé.