Téèpù Ẹsẹ̀-Méjì

Páálí téèpù wà níbẹ̀. Téèpù gan-an ni kò sí nínú rẹ̀.

Elétí yí páálí náà dorí kodò, ó gbọ̀n ọ́n. Ó tún gbọ̀n ọ́n, àfi bí ẹni pé téèpù tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun lè sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ páálí. Òun ló ni sítúdíò náà. Òun ló ń gba ohùn olórin sílẹ̀. Etí rẹ̀ ló fi ń jẹun.

"Ó ti lọ," ló wí.

Orin mẹ́jọ ló wà lórí téèpù yẹn, àwo orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Irin Pupa máa gbé jáde láyé wọn. Orin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tà ni wọ́n ń kọ, ti àtijọ́ gan-an, èyí tí gìtá máa ń ké bí ayùn tó ń gé páànù, tí akọrin á sì máa pariwo bí ẹni tí ìkòkò gbígbóná já lé lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni iléeṣẹ́ tó fẹ́ tẹ àwo náà ń retí téèpù. Ọjọ́rú lónìí. Ẹ̀dà kankan ò sí.

Ìka-Mẹ́wàá, tó ń ta gìtá, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ìgbà èwe rẹ̀ ti tán sínú ẹgbẹ́ yìí. Ó ronú ẹni tó lè pè. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí: ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin.

Màmá Tọpinpin ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, òun àti rédíò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Bí rédíò bá sọ̀rọ̀, á dá a lóhùn. Bó bá parọ́, á bú u. Fóònù rẹ̀ kì í dún. Nígbà tó dún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó kọ́kọ́ rò pé ti ará ilé kejì ni.

"Màmá, ẹ gbà wá o!"

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n jí téèpù wa ni. Ẹni tó máa kú ti kú tẹ́lẹ̀."

Màmá ti ń wá bàtà.

*

Àga tí wọ́n fún un ní sítúdíò ké bó ṣe jókòó.

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́," ló wí fún àga náà. "Ìdí tó tóbi ju èyí lọ ti jókòó lé ẹ rí." Àfi kó jẹ́ ti erin o, nítorí èmi tó ń sọ ìtàn yìí ò mọ ìdí tó tóbi ju ìyẹn lọ.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ni sítúdíò náà wà. Wọ́n ti kan tìmùtìmù àtijọ́ mọ́ gbogbo ògiri, kí ariwo má baà jáde. Ìlù tuntun kan ń dán láàárín yàrá. Ìlù mìíràn wà níta, ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tí wọ́n tò lé ara wọn bí ẹrù ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé.

"Ta ló ni ti ọ̀ọ̀dẹ̀?"

"Ẹsẹ̀-Méjì," Ìka-Mẹ́wàá dáhùn. "Òun ni onílù wa. Ìlù ńlá méjì ló máa ń fẹsẹ̀ lù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó ṣe bí ẹṣin ló ń sáré bọ̀. Ó parí orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Oṣù tó kọjá, ọkàn rẹ̀ kàn dúró."

"Ta ló wá ni ti tuntun?"

Ọkùnrin tín-ín-rín kan na ọwọ́ sókè níbi ìlẹ̀kùn. Tuntun ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ ní ìlù Ẹsẹ̀-Méjì ti wúwo jù. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ pa á rẹ́ lórí téèpù, kí Tuntun lu tirẹ̀ sí ojú ibẹ̀.

"Ẹni tó ti kú ni ẹ tún fẹ́ pa rẹ́?"



Màmá yẹ ìlẹ̀kùn wò. Ẹnikẹ́ni ò já a. Fèrèsé ní irin.

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Tèmi," Elétí ka á lórí ìka, "ti Ìka-Mẹ́wàá, ti Ààrá tó ń kọrin. Ti Ẹsẹ̀-Méjì wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bá a lọ."

"Ṣé wọ́n sin ín mọ́ ọn ni?"

"Mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A ò rí i mọ́."

Màmá rìn yí yàrá ká, eékún rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Iwájú sípíkà dúdú gíga kan ló dúró sí. Eruku bo orí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lójú eruku náà, àtẹ́lẹwọ́ méjì hàn ketekete, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ní iwájú, láàárín wọn, àmì kan róbótó ń dán bí ibi tí wọ́n fi òróró pa. Màmá gbé iwájú orí tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó bá a mu.

"Ta ló ń gbá sípíkà mọ́ra níbí?"

Elétí bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló rí bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Wọ́n ti yí èyí dé òpin! Èmi kì í kọjá ìdajì láéláé. Ìdajì ni mo fi í sí nírọ̀lẹ́ àná."

"Ó túmọ̀ sí pé olè náà kọ́kọ́ gbọ́ orin kó tó lọ."

"Pẹ̀lú orí lára sípíkà? Màmá, etí onítọ̀hún á dí!"

Màmá wò ó títí.

*

Ó pe Ààrá jókòó. Ọkùnrin gìrìwò ni, ó wọ ṣòkòtò awọ dúdú.

"Ṣòkòtò yìí, ṣé wọ́n rán an mọ́ ẹ lára ni?"

"Aṣọ iṣẹ́ ni, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, a mọ̀ pé téèpù ò sí lápò ẹ. Wọ́n ní o fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀?"

"Inú ló ń bí mi. Mo ní bí wọ́n bá pa ìlù ọ̀rẹ́ mi rẹ́, kí wọ́n wá ẹlòmíì tó máa kọrin."

"Nítorí náà lo ṣe gbé téèpù pamọ́."

"Ì bá wù mí kó jẹ́ èmi ni!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mi ò láyà ẹ̀."

"Níbo lo wà nírọ̀lẹ́ àná?"

"Ilé."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Èmi nìkan."

Tuntun náà, òun nìkan ló wà nílé. Elétí, òun nìkan. Màmá pàtẹ́wọ́.

"Ẹgbẹ́ olórin rèé! Ẹ ò tilẹ̀ lè jẹun pọ̀?"

"Látìgbà tó ti lọ," Ìka-Mẹ́wàá fèsì, "bí a bá ti ṣiṣẹ́ tán, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Kò sóhun tí a máa sọ."

Màmá kọjú sí Tuntun. "Bí téèpù bá sọnù, ẹ máa gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìlù tìẹ nìkan làwọn èèyàn á mọ̀. Ìwọ lo máa jèrè, ọkọ mi."

"Mi ò ní kọ́kọ́rọ́, Màmá. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí títí ẹnì kan á fi dé. Bí wọ́n bá dé náà, wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀."

Ìka-Mẹ́wàá wolẹ̀.

"Ta ló ń gbé lókè?" Màmá béèrè.

"Bàbá Òkè," Ààrá dáhùn. "Bàbá tó bí Ẹsẹ̀-Méjì. Ó kórìíra ariwo wa. Bí a bá ń ṣeré, á máa fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ pákó rẹ̀ lé wa lórí: gbì, gbì, gbì!"

"Kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa dín in kù, nítorí pé àgbà ni."

"Á wá dákẹ́?"

"Ó tì o! Bí a ṣe ń dín in kù ló máa ń gbá a sí i. Olóríkunkun gidi ni."

"Ó tilẹ̀ wọ orí téèpù," Elétí fi kún un. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá a níparí orin ìkẹyìn. Mo fẹ́ gé e kúrò."

"Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Kí ló máa ń sọ?"

"Ẹ̀rín ló máa ń rín. Á ní inú bàbá òun ló ń dùn."

*

Màmá gun àtẹ̀gùn. Ó sinmi lágbedeméjì, ó bú ẹni tó kọ́lé, ó tún gùn. Bàbá Òkè kẹ́yìn sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ká ẹ̀wù. Ẹ̀wù ọ̀dọ́kùnrin ni, dúdú, tó ti ṣá.

"Ẹ káàsán o, Bàbá!"

Kò dáhùn.

"Mo ní ẹ káàsán o!" Ohùn yẹn lè jí ọmọ tó ń sùn ní ojúlé kẹta.

Bàbá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Màmá. Àṣé agbéraga náà ni! Ìgbà náà ni bàbá yíjú, tó rí i, tó fò sókè díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ lojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ káàsán, ìyá! Ẹ kú ọ̀sán o! Ẹ má bínú." 

Ẹnu Màmá ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Màmá nu ètè. Ó rò pé búrẹ́dì tó jẹ láàárọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún nù ún. Bàbá ò gbé ojú kúrò. Ìgbà tí Màmá dé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó sì lu iwájú orí ara rẹ̀. Obìnrin tó ti fi ogójì ọdún wádìí ọ̀ràn, tó ń nu ẹnu kiri!

Ó pe Ìka-Mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Gbé gìtá ẹ. Èmi ń padà sókè. Ta á kíkankíkan, bí ẹni pé ilé fẹ́ wó. Bí orin kan bá tán, dín in kù, kó o máa ta á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

"Màmá, bàbá á bínú."

"Mo fẹ́ mọ ohun tó ń bí i nínú gan-an ni."

*

Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà ní yàrá bàbá, nítorí náà ó fún Màmá, òun sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Gìtá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Fèrèsé gbọ̀n. Ife omi ń rìn lórí tábìlì. Màmá di etí méjèèjì. Bàbá bọ́ bàtà. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ pákó, ó di ojú, èjìká rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọ̀pá.

Orin tán. Gìtá rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bàbá la ojú. Ó dúró díẹ̀. Ó wá na ọwọ́ mú ọ̀pá.

Gbì. Gbì. Gbì.

Màmá ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Méjèèjì ló ṣe. Ó fọwọ́ kan orúnkún bàbá kó lè wo ẹnu òun.

"Bàbá, ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kì í kanlẹ̀ nígbà tí ilé bá dákẹ́. Ṣe lẹ ń ní kí wọ́n gbé e sókè."

Bàbá rọra gbé ọ̀pá ti ògiri.

"Ẹni tó forí kan sípíkà, tó yí bọ́tìnì dé òpin, tí etí rẹ̀ ò sì dí, etí onítọ̀hún ti dí tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ kó ẹrù ọmọ yín. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ẹrù náà. Ẹ̀yin lẹ gbé téèpù."

Bàbá dìde. Ó gbé ìrọ̀rí. Téèpù wà lábẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀wù dúdú wé e.

"Iléeṣẹ́ tí a ti ń lu páànù ló jẹ etí mi," ló wí. "Mo fi í pamọ́ kí wọ́n má baà lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ó ti mọ́ mi lára. Ọmọ mi nìkan ló mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, bí wọn ò bá sí nísàlẹ̀, á mú mi lọ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi téèpù sí ẹ̀rọ. Á gbé ọwọ́ mi lé sípíkà, á ní, 'Bàbá, èmi rèé.'"

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lánàá?"

"Mo wo ojú fèrèsé. Wọ́n ń gbé ìlù ọmọ mi jáde, wọ́n ń gbé ti ẹlòmíì wọlé. Mo rí ẹnu Elétí nígbà tó ní ọ̀túnla làwọn máa pa á rẹ́." Bàbá tún ẹ̀wù wé téèpù. "Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ̀ kalẹ̀ kí n lè dágbére. Mo gbé orí lé sípíkà. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ń sáré nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, ìyá. Ó ń sáré gan-an. Mi ò lè fi í sílẹ̀ fún wọn. Mo dá páálí òfìfo padà sáyè rẹ̀, mo gbé téèpù wá sókè. Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi í sí. Kó kàn ṣáà wà níbi ìrọ̀rí mi."

Màmá na ọwọ́. Bàbá gbé téèpù lé e, ó sì mú un dání pẹ́ díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

*

Nígbà tí Màmá ròyìn tán nísàlẹ̀, Ààrá kọjú sí ògiri.

"Gbogbo ọdún yẹn," ló wí. "Ṣe ló ní ká gbé e sókè, tí àwa ń dín in kù."

Tuntun ló kọ́kọ́ rìn. Ó tú ìlù rẹ̀ palẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó bá wọn gbé ti Ẹsẹ̀-Méjì wọlé láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìka-Mẹ́wàá dì í lápá mú nígbà tó fẹ́ máa lọ. "Dúró," ló wí. "A fẹ́ jẹun."

Ìka-Mẹ́wàá tẹ iléeṣẹ́ láago: báyìí ni téèpù wà, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà. Iléeṣẹ́ ní àwọn ò ṣe mọ́. Òmíràn ló gbà á, kékeré, tí kò lórúkọ. Wọ́n tẹ ìwọ̀nba àwo díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dé, àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé sípíkà ńlá náà gun òkè, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí pákó, bàbá sì bọ́ bàtà.

Wọ́n fún Màmá ní ẹyọ kan. Ó gbé e lọ sílé. Ó pa rédíò, ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, ó sì fi àwo náà sí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ló fi í sí, nítorí pé ọgbọ́n ọjọ́ orí ni láti máa bẹ̀rù aládùúgbò. Ó gbọ́ ayùn. Ó gbọ́ ìkòkò gbígbóná. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré. Orin ìkẹyìn tán, yàrá sì dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ lójoojúmọ́.

Elétí ò gé e kúrò. Láti inú àwo náà ló ti wá:

Gbì. Gbì. Gbì.

Màmá Tọpinpin dìde, eékún rẹ̀ ké. Ó bọ́ bàtà, ó dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e sókè dé òpin.