Ọlálérè Wá Àjọkẹ́ Lọ sí Ṣógúnlé

Àjọkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìsọlọ̀, ó di bàtà rẹ̀ mọ́ àyà, kò wọlé, kò sì padà. Ọlálérè tó ń to àga rí i, kò sì rántí ibi tó fẹ́ gbé àga ọwọ́ rẹ̀ sí mọ́.

"Wọlé," ó ní. "Wọn kì í na èèyàn níbí."

Àjọkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wọlé.

Ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì ni. Kúnbi, olùkọ́ ọmọ Èkìtì, ló ń kó àwọn àgbàlagbà tí nǹkan kì í tètè yé, tí aráyé ń pè ní dìndìnrìn, jọ láti ṣeré orí ìtàgé ní ọ̀sán Sátidé. Ọlálérè, àbúrò rẹ̀ tó wà lára wọn, ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì. Àjọkẹ́ kéré sí i díẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Òṣòdì kì í fẹ́ kí àlejò rí i.

Kúnbi fi wọ́n ṣe ọkọ àti ìyàwó nínú eré.

"O ń wò mí jù," Àjọkẹ́ sọ fún Ọlálérè lọ́jọ́ kan.

"Báwo lo ṣe mọ̀, bí ìwọ náà ò bá wò mí?"

Nígbà tí Àjọkẹ́ délé tó ní Ọlálérè lòun máa fẹ́, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó jáde mọ́. Sátidé méjì kọjá. Ọlálérè ò lè jókòó. Yóò jẹun díẹ̀, yóò dìde, yóò lọ wo títì.

"Ṣe sùúrù, màá lọ bẹ̀ wọ́n," Kúnbi ní.

"Ìgbà wo, Àǹtí mi?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Òun tí kò dá kọjá ojú irin Òṣòdì rí, ó fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì. Ó ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń béèrè títí ó fi dé ilé àwọn Àjọkẹ́ ní Ṣógúnlé. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ta ló mú ọ wá?" ìyá Àjọkẹ́ béèrè.

"Èmi nìkan ni, mà."

"Ìwọ tí wọ́n ń tọ́jú, báwo lo ṣe máa tọ́jú ọmọ mi?"

"Mi ò lè kàwé, mà. Mo níṣẹ́. Ohun tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń béèrè."

Àjọkẹ́ ti jáde sí wọn. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò tètè wá. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a sọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré rẹ̀.

"Ẹ dúró dè é, mà," Ọlálérè ní.

Ìyá náà dákẹ́. Ó pẹ́.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Màmá," Àjọkẹ́ sọ níkẹyìn. "Mo ṣì fẹ́ ẹ."

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó fi ìborùn nu ojú.

"Lọ bu omi fún un," ó ní. "Ó ti rìn jìnnà."

Kúnbi kó ẹbí wá tọrọ ìyàwó. Kí ọdún tó parí, wọ́n ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, wọ́n sì gba yàrá kan ní Ìsọlọ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìyá Àjọkẹ́ ń wá. Yóò kanlẹ̀kùn, yóò sì dúró níta títí ọmọ rẹ̀ yóò fi sọ pé kó wọlé.