Ẹ̀dà Méjì, Ìwé Kan

"Ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ lo ṣe kọ ọ́?" Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Mo ní kí ata má pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ìmóyo. Ṣó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Ẹ wò ó." Hàwáwù fi ìka tọ́ka sí i.

Lẹ́tà náà tóbi gan-an. Ìyá Àgbà kà á fúnra rẹ̀ láìlo awò ojú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi á bá Azeemah dé Kánò," ó ní.

Ọdún 1998 ni. Azeemah, ẹ̀gbọ́n Hàwáwù, fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánò lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá Àgbà fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń se gbogbo oúnjẹ tó mọ̀ sínú ìwé fún un. Ìdí nìyẹn tí òun àti Hàwáwù fi ń rìn láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí kíláàsì kọ̀ǹpútà Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí ní Ìta Fájì.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Kò tà á. Ó kó gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé fún àwọn ọmọ kíláàsì, ó ní, "Ẹ tún un ṣe bó bá ṣe wù yín. Ẹ ṣáà fún ẹlòmíràn náà." Kò pẹ́ tí ẹ̀dà rẹ̀ fi pọ̀. Hàwáwù ṣe tirẹ̀ kí lẹ́tà lè tóbi fún Ìyá Àgbà. Jíbrílù, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé, ṣe tirẹ̀ kí ó lè bá onírúurú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀dà yìí ti pọ̀ jù," Hàwáwù sọ fún un. "O ò ṣe fi tìẹ sílẹ̀, kí gbogbo wa máa lo tèmi?"

"Kí ló dé tí kì í ṣe tèmi?" Jíbrílù rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn bí Hàwáwù nínú. Nígbà tí Jíbrílù jáde, ó yí ẹ̀dà tirẹ̀ padà kí ẹ̀dà mìíràn má lè ṣí ohun tí wọ́n bá fi kọ. Ó rò ó pé ẹni tó bá ti fi tòun kọ̀wé kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Ìyá Àgbà gbé dìsíkẹ́ẹ̀tì tó kó ìwé náà sí lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí Ṣàíbù ti ń tẹ̀wé ní Ìdúmọ̀tà. Wúruwùru ló jáde lórí bébà.

"Sister, ẹ̀rọ wa ò gbọ́ èdè tiyín yìí o," Ṣàíbù ní. "Ẹ jẹ́ n fi ti Jíbrílù gbìyànjú. Ó ti fún mi ní tirẹ̀." Ó gbìyànjú títí, kò ṣí.

Hàwáwù mọ̀ pé òun lòun ti ilẹ̀kùn náà.

"Ṣé kò ní ṣeé ṣe ni?" Ìyá Àgbà bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò burú, ọmọ mi. Màá sọ ìwọ̀nba tí mo bá rántí sí Azeemah létí." Omi lé sójú Hàwáwù. Ì bá sàn kí Ìyá Àgbà bú u.

Ó sáré délé, ó bá Jíbrílù nídìí oúnjẹ. "Jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Jíbrílù fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "O fẹ́ kí tèmi parẹ́ ni?"

"Mo fẹ́ kí gbogbo yín máa lo tèmi ni. Mi ò ro ti Ìyá Àgbà."

Jíbrílù fọ ọwọ́ rẹ̀. "Gbé dìsíkẹ́ẹ̀tì yẹn wá."

Ní kíláàsì, Hàwáwù fi ibi tó tì hàn án, wọ́n sì jọ tú u. Ìwé náà ṣí nínú ẹ̀dà Jíbrílù, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ kéré. Jíbrílù bá mú àṣẹ lẹ́tà ńlá nínú ti Hàwáwù, ó fi sínú tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé ti jáde ní Ìdúmọ̀tà. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló kà á sí Azeemah létí, Azeemah sì sunkún sí i láyà.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí gbọ́, ó bi kíláàsì pé, "Ṣé ká wá dín in kù sí ẹyọ kan?"

"Rárá, sà," Hàwáwù dáhùn. "Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ló wà, ìwé náà ò ní jáde. Tó bá jẹ́ ti Jíbrílù nìkan, Ìyá Àgbà ò ní lè kà á. Pé ẹ̀dà pọ̀ kọ́ ló fa wàhálà. Èmi ni mo ti tèmi mọ́ àwọn tó kù."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n fi ṣòfin ní kíláàsì pé kálukú lè ṣe ẹ̀dà tó wù ú, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan bá kọ, gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ lè ṣí i.

"Tèmi ṣì dáa ju tìẹ lọ," Jíbrílù sọ sí i létí.

"Irọ́ ni!" ni Hàwáwù wí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.