Ọ̀wẹ̀ Mùstàfá ní Ìgbòho

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Àwáwù ti kọ́kọ́ rí Mùstàfá, nínú kòtò onígun mẹ́rin kan lẹ́yìn ìlú Ìgbòho, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu àpáàdì bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun.

Àwáwù ru agbọ̀n amọ̀, torí ìkòkò ni tìyá-tọmọ ń mọ nílé wọn. Ó wò ó títí. “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ nù?”

“Mi ò sọ nǹkan kan nù.” Yunifásítì Ìbàdàn ló ti wá lọ́dún 1979, ó ń gbẹ́lẹ̀ láti wádìí ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń jẹ. “Irú okùn tí wọ́n fi ya ara ìkòkò yìí ló rú mi lójú.”

Àwáwù rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ amọ̀ díẹ̀ pẹrẹsẹ, ó yí ṣùkù àgbàdo lé e lórí. Àmì kan náà ló yọ.

“Èwo ni tokùn? Ṣùkù ni. Ẹnìkan á sì ti jẹ àgbàdo orí ẹ̀ ná.”

Oṣù méjì ni Mùstàfá ti fi ń wá ìdáhùn yìí. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń wá béèrè nípa ìkòkò. Ọ̀rọ̀ ìkòkò tán, kò dẹ́kun àtiwá. Ìfẹ́ rẹ̀ kó sí Àwáwù lórí, kò sì fi bò.

Ràmọ́nì, baba Àwáwù, fárígá. Àgbẹ̀ paraku ni. “Kí ni yóò fún ọmọ mi jẹ? Àpáàdì?” Ó ní kí Mùstàfá wá ṣọ̀wẹ̀ àna ní Sátidé. Bó bá kọ ebè oko àgbàdo òun tán kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì, òun yóò fún un níyàwó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ sí Ìbàdàn.

Mùstàfá kó àwọn mẹ́fà tí wọ́n jọ ń gbẹ́lẹ̀ wá. Àfi bí wọ́n ṣe na okùn yí oko ká, bí wọ́n ti ń ṣe nídìí kòtò wọn, kí wọ́n tó gbé ọkọ́! Ẹni tó bá ṣá ọkọ́ kan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ohun tó yọ. Títí di ọ̀sán, ebè mọ́kànlá péré. Àwọn tó wá wòran rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n oòrùn ni Àwáwù ń wò.

Wọ́n pe ìrun Aláásárì, wọn kò tíì kọ oko náà dé ìdajì. Ràmọ́nì lọ láti lé Mùstàfá. Ó bá a tó ń ṣa hóró àgbàdo tó ti di èédú jáde nínú ilẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Bàbá, ẹ wò ó. Ó jìn ju ibi tí ọkọ́ bàbá bàbá yín dé lọ. Torí mo ń yẹ ọkọ́ fún un ni mi ò ṣe yá.”

Ràmọ́nì wo hóró náà, ó wo ojú rẹ̀.

“Ẹni tó lè fi irú sùúrù yìí bá hóró àgbàdo lò, kò ní kanra mọ́ ọmọ mi. Mo fún ọ. Àmọ́ wàá kọ oko mi tán.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Nígbà tó parí, Àwáwù gba ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó rọra da omi tútù sí i.

“Ṣé ó ń ta yín?”

“Ó ń ta mí gan-an.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi,” ló wí, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀.