Jíà Inú Páálí

"Bàbá, ó ń kùn! Ẹ gbọ́ ọ, ó ń kùn!"

Lóòótọ́, mọ́tò ìṣeré náà ń kùn lórí tábìlì, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí. Atúwò ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó ń pariwo náà, nítorí kò sí ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní tú wò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Aago ògiri ilé wọn pàápàá, ó ti tú u lẹ́ẹ̀mejì.

Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ni bàbá rẹ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Ẹsẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, àmọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò gbọ́ràn. Dókítà ní kó máa fún bọ́ọ̀lù róbà mọ́wọ́. Bàbá ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ tí Atúwò rí mọ́tò oní-rìmóòtù tí bàbá rà nígbà èwe ara rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọgbọ́n sọ sí i nínú: bí mọ́tò yìí bá sáré, ta ló máa bẹ bàbá kó tó fi ìka tẹ rìmóòtù?

Jíà kan ṣoṣo ló kù kó tó lè sáré, róbótó eléyín tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Èyí tó wà nínú rẹ̀ ti ká léyín bí arúgbó, àwọn tó ṣe mọ́tò náà kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Atúwò wá a títí, kó tó dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníredíò, opó tí ọkọ rẹ̀ máa ń tún redíò àti mọ́tò ìṣeré ṣe nígbà ayé rẹ̀.

"Wo ibi tó bá wù ọ́," ni ìyá náà wí, "àfi páálí yẹn. Ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé e lọ́la ní odindi. Ọkọ mi ti kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sínú ìwé kó tó kú."

Nígbà tí ìyá jáde lọ dá aládùúgbò kan lóhùn, Atúwò ṣí páálí. Jíà náà rèé nínú ọ̀rá, ó ń dán! Ọkàn kan ní, "Má ṣe é." Èkejì ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ lò ó ni? Bàbá rẹ mà ni." Ó tì í bọ àpò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mọ́tò sáré yí pálọ̀ ká. Bàbá fi ìka tó kọṣẹ́ tẹ rìmóòtù, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló fún ọ ní jíà?"

"Ìyá Oníredíò ni, Bàbá."

"A! Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi fúnra mi máa lọ dúpẹ́ lọ́la."

Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, bàbá kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Atúwò bá a tó ti wọ bàtà, tó sì ti fi ọwọ́ òsì de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tán, tayọ̀tayọ̀. Ọmọ náà dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Wọn ò fún mi. Mo jí i ni."

Bàbá gbé mọ́tò náà lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Tú u jáde. A ṣì ń lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ níbẹ̀ ló yí padà."

Wọ́n gbé mọ́tò náà dání, wọ́n sì bá ọkùnrin tó wá gbé páálí ní ṣọ́ọ̀bù, tó mú ìwé lọ́wọ́, tó fajú ro. "Ìyá, jíà kan kò sí níbí. Bóyá ọkọ yín kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni."

"Ọkọ mi kì í purọ́!" Ohùn ìyá ti ń gbọ̀n.

Atúwò kúnlẹ̀, ó gbé jíà sílẹ̀. "Èmi ni mo mú un, Mà. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá wò ó títí. "Ìwọ ọmọ yìí, o jẹ́ kí wọ́n pe òkú ọkọ mi ní òpùrọ́." Ọ̀rọ̀ náà dun Atúwò ju ìgbátí lọ.

"Ìyá, ọpẹ́ ni mo wọṣọ fún," ni bàbá wí, "ẹ̀bẹ̀ ni mo wá ń bẹ̀." Ó sì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ìka òun ti jẹ́.

Ọkùnrin náà họ orí. "Mi ò lè fi jíà yìí sílẹ̀, mọ́tò tèmi náà ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíà inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ máa ń bá a mu, tẹ́ ẹ bá lu ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀."

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti kú jáde lábẹ́ tábìlì. "Tú u. Níbí, lójú mi."

Atúwò tú u fún odindi wákàtí méjì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ìyá gbé omi tútù kalẹ̀ fún un. Jíà náà wọlé. Ó ń pariwo kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò sáré láàrin àwọn redíò, ó lọ forí sọ ẹsẹ̀ ìyá. Ìyá bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni bàbá wí.

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ṣeun gan-an ni," ni Atúwò náà wí. Ẹnu rẹ̀ kò wúwo mọ́.

Ọjọ́ yẹn ló yé e pé ohun tí a tọrọ, bó ti wù kó máa pariwo tó, a rí ẹni tí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a jí, bó ti wù kó dán tó, kò sí ẹni tí a lè wo ojú rẹ̀ ká sọ pé ó ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ ń dàgbà, ẹ la ẹnu yín tọrọ. Ẹni tó bá sì ti ṣìnà, kó tètè jẹ́wọ́.