Ìbọ̀wọ́ Ẹni Àárín

Ìbọ̀wọ́ ọmọ méjì ni mo rán, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni mo wọ̀ ọ́ fún láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sì ṣe mí bí ẹni pé ó yẹ kí n béèrè ìdí rẹ̀. Èmi tí mo ń tún aṣọ rán ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, tí mo máa ń mọ̀ bí bọ́tìnnì kan ṣoṣo bá sọnù nínú àpótí mi!

Àjákù kóòtù oníwúùlù kan ni mo gé. Mo fi òwú pupa sàmì sí ti Ìyá Àgbà, mo fi òwú funfun sàmì sí ti Aláròyé. Ìyá Àgbà ni à ń pe àkọ́bí wa, ọmọ ọdún méje tó máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn, tó sì máa ń bá mi wí bí mo bá gbàgbé láti pa iná. Aláròyé ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn, bó bá sì sùn tán, á tún máa sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ìbọ̀wọ́ kẹta kò ní òwú kankan lára. Ẹni àárín ló wọ̀ ọ́.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọjọ́ tí a kó dé ìlú òkèèrè yìí ni. Olùtọ́jú ilé, ìyá arúgbó kan tí ìrìn rẹ̀ kì í dún, gbé ìwé ńlá kan wá fún wa pé kí a kọ orúkọ wa sí i. Ọkọ mi kọ tirẹ̀, ó kọ tèmi, ó wá dé ibi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ. Mo yára di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni mo wí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, ìwé ilé lásán ni o. Kò sí àjẹ́ nínú ẹ̀."

"Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rí àwọn ọmọ náà fúnra wọn."

Ó fi í sílẹ̀. Ìyá arúgbó náà fi èékánná kan àyè tó ṣófo náà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ ní èdè wọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́: "Ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo. Ohun tó bá ṣófo nínú ilé yìí, kì í pẹ́ kí nǹkan tó dí i." Mo rò pé eku ló ń sọ. Mo lọ ra pàkúté.

Ọkọ mi ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì nígbà náà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ọ̀nà ìlú kí ó tó ṣe ìdánwò. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, a máa ń wọ bọ́ọ̀sì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ ìlú náà: afárá onírin, ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tí òórùn rẹ̀ ń wọlé bí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì bá ṣí, àwọn ilé gíga tí a kì í rí ẹni tó yọjú ní fèrèsé wọn. Ọkọ mi a máa kọ orúkọ ibùdókọ̀ sínú ìwé kékeré kan, àwọn ọmọ a sì máa wo ìta.

"Dádì, kí ló dé tí àwọn igi yìí wà níhòòhò?" ni Aláròyé béèrè lọ́jọ́ yẹn.

"Wọ́n fọ aṣọ wọn, kò tíì gbẹ ni."

A rẹ́rìn-ín títí. Ẹni àárín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó gbé ẹnu sún mọ́ gíláàsì bíi tiwọn. Èémí tiwọn ń mú kí gíláàsì ṣú. Iwájú tirẹ̀ mọ́ roro.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ ìkẹyìn, awakọ̀ pe ọkọ mi. Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n tó yí ọkọ̀ padà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rìn dé ẹ̀yìn láti ka èrò tó kù, kí wọ́n má baà gbàgbé ẹnikẹ́ni. "Akẹ́kọ̀ọ́, wá kà wọ́n," ni awakọ̀ wí. Ọkọ mi dìde. Àwa nìkan ló kù nínú ọkọ̀. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà wá, ó tún wa kà, ó sì wá jókòó tì mí. Ó fa ìwé ìrìnnà wa yọ nínú àpò àyà, níbi tí kì í ti í kúrò.

"Ìyá wọn," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ìwé mélòó lo rí yìí?"

"Mẹ́rin. Tiyín, tèmi, ti àwọn ọmọ."

"Wàyí o, wo àwọn ọmọ."

Mo wò wọ́n. Mo la ẹnu láti pe ẹni àárín lórúkọ, n kò rí orúkọ kankan níbẹ̀. Mo rántí òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ Ìyá Àgbà. Mo rántí pé díẹ̀ ló kù kí n bí Aláròyé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ti ẹni àárín, mo wá a títí, kò sí nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Lórí tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan. Ó ń dán bí àwo tuntun.

Ó wò mí lójú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Màmá," ó ní, "ẹ kà mí mọ́ wọn."

"Má dá a lóhùn," ni ọkọ mi wí.

N kò dá a lóhùn. Mo wọ ìbọ̀wọ́ náà padà fún un, a sì padà sílé. A kò tíì kan ilẹ̀kùn olùtọ́jú ilé tí ó fi gbé ìwé náà jáde. Èmi ni mo gba bíírò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: méjì.

Ìyá arúgbó náà wò ó pẹ́. "Iye nìkan lẹ kọ?"

"Ohun tí ìwé yín béèrè nìyẹn."

Ó rọra pa ìwé dé. Nígbà tí a yíjú padà, ọmọ méjì ló dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òwú pupa lọ́wọ́ ọ̀kan, òwú funfun lọ́wọ́ èkejì. Mo kúnlẹ̀, mo gbá wọn mọ́ra, mo sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ kẹrin rèé. Aláròyé kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń fi í jẹun, ó ń fi í sùn. Kò sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló ń bà á, ọmọdé ni.

Lọ́sàn-án òní, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ kóòtù. Ó ní ní ibùdókọ̀ ìkẹyìn, òun rìn dé ẹ̀yìn láti ka èrò, kò sí ẹnì kankan. Bí òun ṣe fẹ́ yí padà ni ọmọ kan sọ̀rọ̀ láti orí àga tó ṣófo: "Dádì, ṣé aṣọ àwọn igi ò tíì gbẹ ni?"

Àwa méjèèjì wo ẹni tó dúró létí fèrèsé wa. Ó gbé ẹnu sún mọ́ gíláàsì, gíláàsì náà sì mọ́ roro.

Iye ni mo kọ. N kò kọ èwo.

Sátidé tó ń bọ̀, a óò tún wọ bọ́ọ̀sì yẹn dé ìparí. Òtútù ti ń pọ̀ sí i. Mo ti gé ìbọ̀wọ́ kékeré mìíràn, òwú funfun ni mo sì fi ń rán an.