Rẹfirí Tí Kò Jẹ Ẹja Ozella

Ìwà òmùgọ̀ ló kọ́kọ́ wọ ìtàn yìí kí ìfẹ́ tó rí àyè jókòó. Ozella Crenshaw ló sì hù ú, ẹnikẹ́ni ò tì í. Òun fúnra rẹ̀, ọmọ díkọ́nì, tí orin ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ló bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì ní pápá bésíbọ́ọ̀lù Bessemer, tó sọ ọ́ mọ́ rẹfirí.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Oòrùn oṣù keje ní Alabama lè sọ áńgẹ́lì di jàǹdùkú. Pásítọ̀ ti gé ìwàásù kúrú bí ìṣe rẹ̀, kí ìjọ lè tètè dé pápá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára gbogbo wọn, àkẹtẹ̀ olódòdó sì wà lórí Ozella. Àwọn aláwọ̀ funfun ló ni pápá náà. Ìgbà tí ẹgbẹ́ tiwọn bá rìnrìn àjò nìkan ni ẹgbẹ́ Agbọ́n Bessemer ń rí i yá. Ta ló fẹ́ pàdánù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Junius, àbúrò Ozella tó wà nínú ẹgbẹ́ Agbọ́n, sáré bọ̀ níbi àmì tí wọ́n ń pè ní ilé, ibi tí ayò ti ń wọlé, ó fi àyà fà nílẹ̀, eruku bo ojú ọ̀run. Rẹfirí na àtàǹpàkò sókè, àmì pé wọ́n ti mú un kó tó débẹ̀, kò sí ayò.

“Ó kú!”

Bàtà fò. Ó gba orí ẹni tó ń ta ẹ̀pà kọjá, ó balẹ̀ síwájú rẹfirí.

Ọkùnrin kúkurú kan ni rẹfirí náà, ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn, táì rẹ̀ gún régé bíi ti ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú. Ó wo bàtà. Ó fa búrọ́ọ̀ṣì kékeré yọ lápò, èyí tó fi ń gbá eruku kúrò lórí àmì ilé náà, ó gbọn bàtà náà dáadáa, ó sì gbé e wá bá oníbàtà.

“Mis,” ó ní, “bàtà yín yè. Àbúrò yín ló kú.”

Ẹ̀rín bú. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Ozella ti yọrí nínú ìbọ̀sẹ̀ bí orí ìjàpá, kò sì síbi tí yóò fi í pamọ́ sí. Ojú tì í títí dé ìdí, ìdí yẹn kì í sì í ṣe kékeré.

“Ẹ ṣeun, Mista Afọ́jú,” ló rí sọ.

“Alvah Pettway lorúkọ mi. Ọjọ́ Sunday nìkan ni mò ń jẹ́ Afọ́jú.”

Nígbà tó di Monday, ó ṣíwọ́ níbi tó ti ń fi bíríkì mọlé, ó wẹ̀, ó wá kí Ozella. Ilé Díkọ́nì Crenshaw ni àwọn Agbọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, Díkọ́nì sì fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà ju ehín ẹnu rẹ̀ lọ. Ó wo àlejò látòkè délẹ̀.

“Rẹfirí ò ní jókòó lórí àga nílé mi. Àtẹ̀gùn nìyẹn.”

“Ẹ ṣeun, sà. Àtẹ̀gùn náà dáa.” Pettway sì jókòó bí ọba.

Bẹ́ẹ̀ ló ń wá ní gbogbo Monday. Ozella á jókòó lórí àga, òun á wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa takùrọ̀sọ títí wíwò wọn á fi sú àwọn ará àdúgbò. Pettway sọ fún un bí òun ṣe ń mọ ẹni tó kú àti ẹni tó yè.

“Ojú kan ò lè wo nǹkan méjì. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré ni mò ń wò. Bọ́ọ̀lù, etí ni mo fi ń gbọ́ ọ nígbà tó bá wọ ìbọ̀wọ́.”

“Ẹsẹ̀ náà lẹ máa ń wò lára gbogbo èèyàn?”

“Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn fúnra rẹ̀ ń yọrí wò mí.”

Ozella fi abẹ̀bẹ̀ gbá a lórí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Ozella. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹja àrọ̀ tó dára jù ní Bessemer, tó yí nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, tó dín títí tó fi ń ké kára-kára lẹ́nu. Pettway ò fọwọ́ kàn án rí.

“Ṣé májèlé ni mo fi sí i ni?”

“Òórùn rẹ̀ nìkan ti fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n ẹja ilé Agbọ́n ni. Tí mo bá jẹ ẹ́ lónìí, tí Junius wá yè lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á ní ẹja ló gbà á là.”

“Omi ńkọ́?”

“Mo gbé tèmi wá.” Ó sì fa ìgò yọ lóòótọ́. Ozella rẹ́rìn-ín títí àga fi ń ké.

Àǹtí Mozelle, àbúrò Díkọ́nì, ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. “Ọkùnrin tí kò jẹ oúnjẹ rẹ ò fẹ́ ọ, Ozella. Afẹ́fẹ́ ló ń wá gbà.”

Nígbà tí Ozella ro ọ̀rọ̀ yìí fún Pettway, ó gbé ìgò omi rẹ̀ kalẹ̀. “Lọ́jọ́ tí eré ọdún yìí bá parí, n ó jẹ ẹja yín títí ẹ ó fi lé mi. N ó sì bá Díkọ́nì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.” Láti ọjọ́ yẹn, Ozella bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá lójú mọmọ, ó sì jẹ́ kí búrẹ́dì jóná lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ náà pé nínú oṣù kẹsàn-án. Àwọn ará Nashville ni wọ́n jọ pàdé. Agbọ́n fi ayò kan ṣíwájú, ó ku ẹnì kan ṣoṣo tó máa kú nínú Nashville kí eré parí, àwọn tiwọn méjì sì ti wà lójú ọ̀nà ilé: tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ kí Agbọ́n tó mú un, Nashville lè borí. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè sanwó fún rẹfirí méjì, nítorí náà Pettway nìkan ló dúró lẹ́yìn ajubọ́ọ̀lù, tó ń fi ojú méjì ṣọ́ gbogbo pápá. Ará Nashville kan gbá bọ́ọ̀lù. Ó fò lọ sí igun ọ̀tún, lẹ́bàá ọgbà, níwájú ibi tí Ozella jókòó sí gan-an. Junius sáré, ó fò, ó dojú bolẹ̀. Pettway ń sáré bọ̀, ẹ̀yìn Junius nìkan ló ń rí. Ìbọ̀wọ́ gòkè, bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀.

“Ó kú!”

Bessemer dàrú fún ayọ̀. Ẹnu Ozella náà ń pariwo, ṣùgbọ́n orí koríko ni ojú rẹ̀ wà. Ó ti rí i. Bọ́ọ̀lù fara kan koríko kó tó wọ ìbọ̀wọ́ Junius. Ẹni tó gbá a ò kú rárá.

Lónìí tí Pettway fẹ́ bá bàbá òun sọ̀rọ̀? Tó bá jẹ́ pé nítorí òun ló ṣe pè é bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọkùnrin tí òun fẹ́ràn kò sí láyé.

Nírọ̀lẹ́, Díkọ́nì fọwọ́ ara rẹ̀ fa àga tó dára jù nínú ilé. “Jókòó, ọmọ mi! Jókòó!” Àwọn Agbọ́n ń kọrin, wọ́n bu ẹja, wọ́n bu ẹ̀fọ́, wọ́n gé àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ọ̀dùnkún ṣe. Pettway mú fọ́ọ̀kì, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé.

“Mista Pettway,” Ozella ké sí i, “ẹ wá bá mi gbé ìkòkò kan.”

Nínú ilé ìdáná, kò sí ìkòkò kankan láti gbé.

“Ẹ wo ojú mi. Ṣé nítorí mi lẹ ṣe ní ó kú?”

“Ẹni wo?”

“Bọ́ọ̀lù Junius. Ó kan ilẹ̀.”

Gbogbo ẹ̀rín kúrò lójú Pettway. “Ẹ rí i?”

“Bí mo ṣe rí yín yìí.”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, Ozella. Ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ìbọ̀wọ́. Ohun tí mo rí ni mo pè. Áà, Olúwa mi.” Ó di etí tábìlì mú.

Ozella mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè fi ojú yẹn purọ́. Àyà rẹ̀ balẹ̀, àánú ọkùnrin náà sì ṣe é.

Pettway padà sídìí oúnjẹ, ó dúró. “Junius, ṣé o mú bọ́ọ̀lù yẹn kó tó kan ilẹ̀?”

Orin dáwọ́ dúró. Junius ń wo ẹ̀fọ́ inú àwo. “Ẹ̀yin lẹ pè é, sà. Èmi kọ́ ni rẹfirí.”

“Eré ti parí!” Díkọ́nì fọwọ́ lu tábìlì. “Ìdájọ́ pápá kì í padà!”

“Kò lè padà lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Nashville ń lọ sílé pẹ̀lú ìjákulẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún wọn. Mi ò lè jẹ ẹja yìí báyìí.”

“Tó o bá jáde, má padà wá!”

Ó mú àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó jáde. Ozella da aṣọ bo àwo ẹja náà, ó gbé e, ó tẹ̀lé e. Bàbá rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò sì yọjú lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.

Bọ́ọ̀sì Nashville wà lẹ́yìn ilé opó kan tó ń ta oúnjẹ. Mista Bascom, olórí wọn, ọkùnrin tó tóbi bí ilẹ̀kùn abà, gbọ́ ẹjọ́ Pettway títí dé òpin. Ó ṣí fìlà, ó họ orí.

“Látọjọ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, rẹfirí ti gégùn-ún fún mi, rẹfirí ti lé mi ní pápá. Kò sí èyí tó wá bẹ̀ mí rí.” Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Lọ, kí àwọn ọmọ mi má baà gbọ́. Ṣé ẹja ló wà nínú àwo yẹn?”

“Tiẹ̀ ni,” Ozella fèsì, “ẹ má wò ó.”

Wọ́n jókòó sórí òkúta létí títì. Pettway bu ẹja sẹ́nu, ó di ojú, ó pẹ́ kó tó là á.

“Ó tutù o,” Ozella ní.

“Ṣé o máa fẹ́ mi, Ozella? Mi ò nílé tí mo lè mú ọ wọ̀ tí bàbá rẹ bá kọ̀.”

“Ìwọ tó o ń mọlé? Jẹ ẹja ẹ, afọ́jú mi. Mo ti fẹ́ ọ tán kí o tó béèrè.”

Nígbà tí wọ́n padà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀. Díkọ́nì nìkan ló jókòó níta, lórí àtẹ̀gùn.

“Junius ti jẹ́wọ́,” ó ní. “Mo ti mọ̀ kó tó jẹ́wọ́, mo kàn fẹ́ kí Agbọ́n borí ni. Ìyá Ozella ì bá wà láyé, ìgbálẹ̀ ni ì bá fi lé mi kúrò nídìí oúnjẹ.” Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè ráyè kọjá. “Tí mi ò bá fi ọmọ mi fún ọkùnrin kan ṣoṣo ní Bessemer tó lè ní ‘Mo ṣàṣìṣe’, ta ni kí n wá fún? Irú èmi náà?”

Kí wọ́n tó ká òwú tán lóko, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Junius ló dúró ti ọkọ, àwọn Agbọ́n wọ kóòtù tí wọ́n yá lọ́wọ́ ara wọn. Ozella wọ aṣọ funfun tó fún un nídìí, kò sì bìkítà. Ó wo Pettway, Pettway wo òun náà, kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Pásítọ̀ bi í bóyá yóò fẹ́ obìnrin yìí. Ó dáhùn pẹ̀lú ohùn pápá, fèrèsé gbọ̀n. Pásítọ̀ wá ń wá ojú ìwé tó kàn, ọwọ́ rẹ̀ ń fà, kò tíì so wọ́n pọ̀, nígbà tí Díkọ́nì Crenshaw dìde níjòókòó iwájú.

“Pásítọ̀, ẹ tètè ṣe é, kí ọkùnrin yìí tó sáré lọ sọ fún àwọn ará Nashville pé òun ti tún ṣi ìdájọ́ dá o!”